Bí A Ṣe Ń De Abẹ Mulching Mọ́ Róbọ́ọ̀tì Tí Ń Gé Koríko

Bí ẹ bá dorí róbọ́ọ̀tì tí ń gé koríko kodò, ohun tí ẹ máa rí lábẹ́ rẹ̀ lè yà yín lẹ́nu. Ẹ kò ní rí irin gígùn bí àdá, irú èyí tí ó wà lábẹ́ ẹ̀rọ tí a ń tì káàkiri ọgbà. Àwo róbótó kan ni ó wà níbẹ̀, àti abẹ mẹ́ta tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju abẹ ìfárí lọ, tí a fi síkúrúù kọ̀ọ̀kan dè mọ́ etí àwo náà. Pípààrọ̀ wọn kì í gbà ju ìṣẹ́jú 15 lọ lọ́wọ́ ẹni tí iṣẹ́ náà bá ti mọ́ lára. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń ṣe é fún ara mi àti fún àwọn ará wa mélòó kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, mo ti rí i pé kì í ṣe ìdí sukudiráfà ni iṣẹ́ náà ti máa ń bàjẹ́. Ó máa ń bàjẹ́ níbi tí a ti ra abẹ tí kò bá síkúrúù mu, tàbí níbi tí a ti rò pé abẹ tuntun lè ṣàtúnṣe koríko tí a ti jẹ́ kí ó ga kọjá ààlà.

Ohun tí abẹ náà ń ṣe

Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní mulching ni kí a gé koríko wẹ́wẹ́, kí a má sì kó o, kí ó jábọ́ sáàárín èyí tí ó dúró, kí ó jẹrà síbẹ̀, kí ó di ajílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ wa kò ṣàjèjì sí fífi koríko bo ilẹ̀: ẹni tí ó bá ti kọ ebè iṣu rí mọ̀ pé a máa ń fi koríko gbígbẹ dé orí ebè kí oòrùn má baà jó ohun tí a gbìn. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ni pé dídé ebè ń fẹ́ kí koríko nípọn, kí ó sì pẹ́ kí ó tó jẹrà, nígbà tí ti ọgbà yìí ń fẹ́ kí ó kéré, kí ó sì tètè pòórá. Bí ó bá nípọn, ṣe ni yóò bo koríko tí ó wà láàyè mọ́lẹ̀ títí yóò fi pọ́n.

Omi ni ó pọ̀ jù nínú ewé koríko tútù, ó lè tó ìdá 80 nínú 100. Nínú èyí tí ó kù ni a ti ń rí nàítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pọ̀tásíọ̀mù, àwọn onímọ̀ nípa koríko ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì máa ń sọ pé èyí tí a fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ lè pèsè tó ìdá 25 nínú 100 ajílẹ̀ tí koríko nílò lọ́dún. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé koríko tí a gé tí a kò kó ni ó ń di ìpele gbígbẹ tí ó máa ń dì sórí ilẹ̀ bí ẹní. Kò rí bẹ́ẹ̀. Igi koríko àti gbòǹgbò, tí kì í tètè jẹrà, ni ó ń fa ìyẹn. Ewé wẹ́wẹ́ kì í pẹ́ tí ekòló àti àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ fi ń jẹ ẹ́ tán.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tí ń ta abẹ kì í fẹ́ràn láti sọ: róbọ́ọ̀tì yín ti jẹ́ ẹ̀rọ mulching kí ẹ tó ra ohunkóhun kún un. Láti ọdún 1995 tí ilé-iṣẹ́ Husqvarna ti Sweden ti gbé Solar Mower jáde, èyí tí ó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́, bí irú ẹ̀rọ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ kò tíì yí padà: kò ní àpò tí ó ń kó koríko sí, ó kàn ń jáde nígbà gbogbo láti bẹ́ orí koríko ní ìwọ̀n mìlímítà mélòó kan, ohun tí ó sì ń jábọ́ kéré débi pé ojú kì í rí i. Kí ni abẹ tí wọ́n kọ mulching sí lára wá fi ń yàtọ̀? Etí mímú rẹ̀ lè pọ̀ ju ti abẹ àtilẹ̀wá lọ, ó lè nípọn kí ó lè pẹ́, tàbí kí wọ́n tẹ etí rẹ̀ sókè díẹ̀ kí ó lè máa fa ewé dìde kí ó sì tún un gé. Gbogbo rẹ̀ wúlò dé ìwọ̀n kan. Bí ẹ bá bi mí, abẹ pẹlẹbẹ lásán tí ó mú, tí a sì ń pààrọ̀ lásìkò, sàn ju abẹ olówó gọbọi tí a dè sí i tí a gbàgbé lọ.

Ẹ mọ ẹ̀rọ yín kí ẹ tó ra abẹ

Oríṣi méjì ni àwọn róbọ́ọ̀tì wọ̀nyí bí a bá wo abẹ wọn. Ti àkọ́kọ́ ni èyí tí abẹ rẹ̀ ń fì: abẹ kéékèèké ni, wọ́n rọ̀ mọ́ àwo, nígbà tí àwo bá ń yí ni agbára yíyí náà ń na wọ́n síta, bí wọ́n bá sì kọlu òkúta, wọ́n á ká sẹ́yìn. Husqvarna Automower, Gardena Sileno àti Worx Landroid wà nínú ìran yìí. Oríṣi kejì ni èyí tí ó ní abẹ ńlá tí kì í fì, irú èyí tí ó wà lára àwọn Robomow kan àti àwọn STIHL iMOW àtijọ́ kan. Abẹ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ tí a ń gbà yọ ọ́, ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá nìkan ni kí ẹ sì tẹ̀ lé nípa rẹ̀. Oríṣi àkọ́kọ́ ni mo ń sọ láti ibí lọ, nítorí òun ni ó wọ́pọ̀ jù.

Kí ẹ tó náwó, ẹ yọ síkúrúù abẹ kan kí ẹ wò ó dáadáa, nítorí òun ni ó máa sọ abẹ tí ẹ lè rà. Lábẹ́ orí rẹ̀, kí ó tó kan ibi tí eyín rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ọrùn kékeré kan wà tí kò ní eyín. Ara ọrùn yìí ni ihò abẹ ń jókòó sí. Nígbà tí a bá de síkúrúù náà le, ọrùn ni ó ń kan àwo, kì í ṣe abẹ, àyè díẹ̀ á sì ṣẹ́ kù tí abẹ á fi máa fì. Abẹ tí ó wọ́pọ̀ nípọn tó mìlímítà 0.6 tàbí 0.75. Bí ẹ bá lọ ra èyí tí ó nípọn tó mìlímítà 1, tí ẹ sì fi síkúrúù ọlọ́rùn kúkúrú dè é, orí síkúrúù á tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwo pinpin. Láti ìgbà náà lọ, abẹ tí ó yẹ kí ó ká nígbà tí ó bá kan òkúta kò ní lè ká mọ́. Ó lè kán, ó lè tẹ, ó sì lè ta òkúta náà.

Kí ẹ má baà rò pé mo ń sọ àsọdùn, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Àwo Automower tí ó ń gé koríko ní ìbú sẹ̀ǹtímítà 22 lè yí ní ìgbà 2300 ní ìṣẹ́jú kan. Èyí túmọ̀ sí pé orí abẹ ń sáré tó mítà 26 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ó lé ní kìlómítà 90 ní wákàtí kan. Ìyẹn ni eré tí ọkọ̀ ń sá lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá dá. Irin tí kò ju ìka ọwọ́ lọ ni ó ń sá eré yẹn lábẹ́ ike, ní ẹ̀yìnkùlé tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré.

Ẹ̀gbọ́n kan tí ń gbé ní Kent pè mí ní ọjọ́ Sátidé kan pé, "Àbúrò, ẹ̀rọ yìí ń ké bí ẹni pé wọ́n ń lọ ata nínú rẹ̀." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa á ná." Nígbà tí mo dé ibẹ̀, abẹ tuntun tí wọ́n rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì gùn ju ti àtilẹ̀wá lọ ní ìwọ̀n mìlímítà mélòó kan, orí rẹ̀ sì ti ń ha ike tí ó yí àwo ká. Kò sí ohun tí ó ṣe ẹ̀rọ náà. Ẹ mú abẹ àtijọ́ kan lé orí tuntun kí ẹ wo gígùn, ìbú àti ihò wọn kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Bí ihò bá tóbi ju ọrùn síkúrúù lọ, abẹ á máa gbọ̀n. Bí ó bá há, kò ní fì.

Ìwúwo náà ní ìtumọ̀. Íńjìnì kékeré tí ń yí àwo kò retí ẹrù tí ó wúwo, nítorí náà abẹ tí ó wúwo jù á tètè jẹ iná inú bátìrì, àkókò tí róbọ́ọ̀tì ń lò níta kí ó tó padà lọ gba iná á sì dín kù. Ẹ tún rántí pé abẹ tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ kò fọwọ́ sí lè ba ìwé ẹ̀rí àtúnṣe ọ̀fẹ́ yín jẹ́. Husqvarna, fún àpẹẹrẹ, máa ń tẹ àmì H tí ó dé adé sára abẹ tirẹ̀ gan-an, ìwé rẹ̀ sì sọ pé kí a má lo òmíràn. Bí ọdún tí wọ́n fún yín kò bá tíì pé, ìwé náà ni kí ẹ gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ìpalẹ̀mọ́

Ohun èlò tí ẹ nílò kò pọ̀: ìbọ̀wọ́ awọ tí ó nípọn, sukudiráfà tí ó bá orí síkúrúù mu rẹ́gí, búrọ́ọ̀ṣì líle, igi pẹlẹbẹ tàbí ike tí ẹ máa fi ha ìdọ̀tí, tówẹ́lì àtijọ́ tí ẹ máa tẹ́ sílẹ̀, àti agolo olómorí kan tí ẹ máa kó abẹ àtijọ́ sí. Mo tẹnu mọ́ "rẹ́gí" nítorí pé sukudiráfà tí ó kéré jù ni ó ń jẹ orí síkúrúù, àwọn síkúrúù wọ̀nyí kò sì le púpọ̀. Abẹ tuntun mẹ́ta àti síkúrúù tuntun mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Ẹni tí ó bá fi síkúrúù àtijọ́ de abẹ tuntun, owó díẹ̀ ni ó fi pamọ́. Ohun tí ó fi ń ta tẹ́tẹ́ ni abẹ tí ó lè já nígbà tí àwo bá ń yí, nítorí pé abẹ máa ń jẹ ọrùn síkúrúù díẹ̀díẹ̀ bí ó ṣe ń fì lójoojúmọ́. Mo ti ṣe àṣìṣe yìí lẹ́ẹ̀kan. Abẹ méjì ni mo rí nídìí àwo lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀kẹta sì ni mo fi òòfà wá káàkiri inú koríko fún odindi ìrọ̀lẹ́ kan kí àwọn ọmọ tó lè jáde síbẹ̀.

Ẹ gbé róbọ́ọ̀tì kúrò ní ibi tí ó ti ń gba iná, kí ẹ sì pa á. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: wọ́n á tẹ bọ́tìnì STOP, wọ́n á sì rò pé ó tán. STOP kàn dá a dúró ni. Iná ṣì wà nínú rẹ̀. Ìdí bọ́tìnì iná gan-an ni kí ẹ ti pa á, kí ẹ sì dúró títí iná ojú rẹ̀ fi kú. Bí ti yín bá ní kọ́kọ́rọ́ tí a ń yọ tàbí bátìrì tí ó ṣeé yọ, ẹ yọ ọ́ sínú àpò yín, kì í ṣe sórí tábìlì tí ẹlòmíràn ti lè mú un. Ẹ rí i pé ẹ rántí nọ́ńbà PIN rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ wọn máa ń béèrè rẹ̀ nígbà tí a bá tún tàn wọ́n.

Ẹ wá wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó dorí rẹ̀ kodò sórí tówẹ́lì, kì í ṣe lẹ́yìn náà. Abẹ tí ń fì kì í dúró síbi kan. Bí ẹ ṣe ń yí ẹ̀rọ ni àwọn náà ń yí, wọ́n sì lè ya ọwọ́ yín kí ẹ tó mọ̀. Ẹ ya fọ́tò ìdí àwo náà kí ẹ tó tú ohunkóhun.

Yíyọ abẹ àtijọ́

Ẹ kọ́kọ́ ha koríko gbígbẹ tí ó dì mọ́ abẹ́ ẹ̀rọ kúrò. Búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe lo ẹ̀rọ tí ń fi omi alágbára fọ ọkọ̀, nítorí omi náà á wọ inú ìdí àwo àti ibi tí àwọn wáyà wà. Àwọn ẹ̀rọ tuntun kan wà tí a lè fi omi rọ́bà ọgbà lásán fọ̀, ṣùgbọ́n bí ìwé yín kò bá sọ ọ́ ní kedere, ẹ gbà pé ti yín kò sí lára wọn.

Lára ọ̀pọ̀ Automower, ike pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ àwo tí ó ń gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ fífi abẹ ha ilẹ̀. Ike náà ní ihò, òun àti àwo kì í sì í yí pọ̀. Ẹ máa yí i títí ihò rẹ̀ á fi bọ́ sí ọ̀gangan síkúrúù, nígbà náà ni sukudiráfà máa lè wọlé. Ẹ fi ọwọ́ kan di àwo mú ṣinṣin, kí ẹ tẹ sukudiráfà mọ́lẹ̀ gidigidi, kí ẹ sì yí i sí òsì. Títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ yìí ṣe pàtàkì ju agbára tí ẹ fi ń yí i lọ.

Bí síkúrúù kan bá kọ̀, ẹ má ṣe bá a jà. Ẹ fi eyín-igi tọ ìdọ̀tí tí ó wà lójú rẹ̀ kúrò, nítorí pé koríko àti amọ̀ tí ó gbẹ síbẹ̀ kì í jẹ́ kí sukudiráfà jókòó. Bí ó bá ti dógùn-ún, ẹ kán epo tí ń tú irin sí i ní ìwọ̀n ẹ̀kán kan tàbí méjì, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì nu epo tí ó bá ṣẹ́ kù kúrò kí ó má baà kán sórí koríko. Bí ojú síkúrúù bá ti jẹ, ráábà pẹlẹbẹ tí a fi sáàárín rẹ̀ àti sukudiráfà máa ń ràn án lọ́wọ́ láti dì í mú. Ẹ kó abẹ kọ̀ọ̀kan sínú agolo bí ẹ bá ṣe ń yọ ọ́, kí ẹ sì kà wọ́n: mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ jáde.

Nísinsìnyí tí àwo wà ní ìhòòhò, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wo bóyá ó ya, bóyá ó tẹ, bóyá ihò síkúrúù kan ti gbòòrò. Ẹ dì í mú létí kí ẹ gbọ̀n ọ́n díẹ̀. Bí ó bá ń mì lálámì púpọ̀, bẹ́ríǹ inú rẹ̀ ti ń lọ, abẹ tuntun kò sì ní wo àìsàn yẹn sàn.

Díde abẹ tuntun

Bí abẹ yín bá pẹlẹbẹ tí ó sì mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ojú tí ó kọ sókè kò ṣe nǹkan kan, nítorí pé ọ̀pọ̀ lára àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń pààrọ̀ ibi tí àwo ń yí sí láti lè lo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ etí rẹ̀, ó yàtọ̀: etí tí ó tẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ara ẹ̀rọ, kì í ṣe sí ilẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbí, nítorí pé ẹ̀rọ wà ní dídorí kodò níwájú yín. Ohun tí ẹ ń rí bí òkè nísinsìnyí ni yóò di ìsàlẹ̀ nígbà tí ẹ bá yí i padà. Nítorí náà, bí etí títẹ̀ náà bá ń wo ojú yín, ẹ ti dè é ní òdì.

Ẹ fi síkúrúù tuntun gba inú ihò abẹ, kí ẹ sì fi ìka yí i wọ àwo ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó fọwọ́ kan sukudiráfà. Bí ìka kò bá lè yí i, eyín rẹ̀ kò tíì bá eyín àwo mu. Ẹ yọ ọ́ kí ẹ tún un fi sí i. Ìgbà tí ó bá wọlé tààrà ni kí ẹ fi sukudiráfà dè é títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára pé ọrùn rẹ̀ ti kan àwo, kí ẹ sì fún un díẹ̀ sí i. Ẹ má ṣe lo sukudiráfà oníná. Mo mọ̀ pé ó yá, ṣùgbọ́n kì í mọ ìgbà tí ó tó, eyín inú àwo tí ó jẹ́ ike tàbí irin rírọ̀ sì lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ má sì fi gọ́ọ̀mù síkúrúù sí i àyàfi tí ìwé bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí bí ó bá ṣàn kan ọrùn síkúrúù, abẹ á lẹ̀ pátápátá.

Lẹ́yìn abẹ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó lọ sí èkejì, ẹ dán an wò. Ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀rọ sókè díẹ̀ kí ó dagun. Abẹ tí a dè dáadáa á fì lọ sí ibi tí ó rẹlẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹ tì í. Bí ó bá dúró gbagidi síbi tí ó wà, nǹkan kan ń há a: ó lè jẹ́ pé ìdọ̀tí kù lábẹ́ rẹ̀, ó lè jẹ́ pé síkúrúù náà kì í ṣe tirẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé abẹ náà nípọn jù. Ohun tí àwọn kan máa ń ṣe níbí ni kí wọ́n tú síkúrúù díẹ̀ kí abẹ lè ráyè fì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Síkúrúù tí kò le á máa tú sí i bí àwo ṣe ń gbọ̀n, ẹ ó sì padà síbi òòfà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí abẹ kò bá fì nígbà tí síkúrúù rẹ̀ le, abẹ náà kò yẹ ẹ̀rọ yín, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó tà á.

Abẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà: irú kan, ìwúwo kan, ọjọ́ kan. Bí ẹ bá fi méjì tuntun mọ́ ògbólógbòó kan, ẹ̀gbẹ́ kan àwo á wúwo ju èkejì lọ, ẹ̀rọ á sì máa gbọ̀n títí bẹ́ríǹ rẹ̀ á fi jẹ. Nígbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti wọlé, ẹ fi ọwọ́ inú ìbọ̀wọ́ yí àwo yípo lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì na abẹ síta tán bí ó ṣe ń kọjá. Kò gbọ́dọ̀ sí ibi tí ó ti kan ike. Bí ẹ̀rọ yín bá ní ike ìsàlẹ̀, ike náà gbọ́dọ̀ máa yí láìfa àwo lọ.

Gíga koríko àti àkókò gígé

Ibí ni mulching gan-an ti ń ṣẹlẹ̀ tàbí tí ó ti ń kùnà. Òfin tí gbogbo ológbà mọ̀ ni pé kí a má ṣe gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga koríko lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ kí koríko yín wà ní sẹ̀ǹtímítà 4, kò yẹ kí ó kọjá 6 kí róbọ́ọ̀tì tó dé orí rẹ̀. Bí ẹ bá ti rìnrìn àjò, tí ẹ sì padà dé bá koríko tí ó kan orúnkún, ẹ kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ tí a ń tì, èyí tí ó ní àpò, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Abẹ mulching tí ó mú jù lọ kò lè sọ ewé gígùn di wẹ́wẹ́ lábẹ́ àwo kékeré yẹn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá de abẹ tuntun, ẹ gbé gíga gígé sí òkè ju ibi tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà 1 fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ sì máa sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹfà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí koríko ń ga kíákíá, ẹ jẹ́ kí ó máa jáde lójoojúmọ́. Bí ọ̀dá bá dé ní oṣù Keje tàbí Kẹjọ, ìgbà méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti tó, kí gíga rẹ̀ sì kúrò ní ìsàlẹ̀, nítorí koríko kúkúrú máa ń tètè gbẹ.

Ẹ má sì rán an jáde nígbà tí ìrì pọ̀ tàbí tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ewé tútù kì í jábọ́ káàkiri. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ra, ó máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ẹ̀rọ, á sì já sílẹ̀ ní òkìtì bí ẹ̀bà tí ó dì. Láti agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ti tèmi sí.

Ìdí mìíràn tún wà tí mo fi yẹra fún òru. Ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún kan wà níbí tí ó jọ òòrẹ̀ tí kò dàgbà, tí wọ́n ń pè ní hedgehog, alẹ́ ni ó máa ń jáde, bí ó bá sì rí ewu kì í sá, ṣe ni ó máa ń ká ara rẹ̀ jọ. Ní ọdún 2021, onímọ̀ nípa ẹranko kan, Sophie Lund Rasmussen, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí oríṣi róbọ́ọ̀tì 18, tí wọ́n fi òkú àwọn ẹranko náà dánwò. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tí ó mọ̀ pé ẹranko wà níwájú òun láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fara kàn án. Wọ́n rí i pẹ̀lú pé abẹ tí ń fì àti ike tí ó wà lábẹ́ àwo wà lára ohun tí ń dín ìpalára kù, èyí tí ó tún jẹ́ ìdí kan sí i tí abẹ tí a fún mọ́lẹ̀ pinpin fi burú.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé iṣẹ́ náà jọ

Ẹ dá ẹ̀rọ padà sí ìdúró rẹ̀ lórí koríko tí ó gbẹ, ẹ tàn án, kí ẹ sì dúró sí ìwọ̀n mítà mẹ́fà sí i. Kí ọmọdé àti ajá wà nínú ilé. Ohùn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fetí sí. Abẹ tí ó dára máa ń kùn jẹ́jẹ́ láìyí ohùn padà. Bí ó bá ń ta kàn-kàn-kàn, abẹ kan ń kan nǹkan. Bí gbogbo ara ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n, àwọn abẹ kò wúwo dọ́gba tàbí ọ̀kan kò fì. Ẹ tẹ STOP, ẹ pa á láti ìdí, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì tún un wò.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo orí ewé. Bí abẹ bá mú, orí ewé á dá gérégé. Bí ó bá kú, ṣe ni ó ń fa ewé ya, orí rẹ̀ á rí fúlẹ́fúlẹ́, á sì funfun tàbí kí ó pọ́n, ọgbà náà á wá rí bí èyí tí eruku bò bí ẹ bá wò ó láti ojú fèrèsé. Ẹ fi ọwọ́ la koríko sọ́tọ̀ kí ẹ wo ilẹ̀ pẹ̀lú. Ewé wẹ́wẹ́ tí ó fọ́n ká síbẹ̀ ni ẹ ń wá. Bí ẹ bá rí òkìtì, kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi abẹ: ó ga jù ni, tàbí ó tutù jù.

Láàárín oṣù kan sí méjì ni abẹ tínrín máa ń kú lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ yanrìn, ẹ̀ka igi àti èso tí ń já láti orí igi lè mú kí ó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ máa rìn yí ọgbà ká kí ẹ ṣa ẹ̀ka àti òkúta, kí ẹ sì máa wo abẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má ṣe wulẹ̀ pọ́n ọn: irin náà tín-ín-rín jù, ẹ kò sì ní lè pọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ìwúwo wọn dọ́gba. Ní ti àwọn tí ó wà nínú agolo, ẹ jẹ́ kí agolo náà kún, kí ẹ fi tépù dì í ní ìdérí, kí ẹ kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sí i lára, kí ẹ sì gbé e lọ sí ibi tí ìjọba ìbílẹ̀ yín ti ń gba irin àlòkù. Ẹ má ṣe sọ wọ́n sínú àpò ìdọ̀tí ilé, nítorí ẹni tí ó ń gbé àpò náà kò mọ̀ pé abẹ wà nínú rẹ̀.